Ta Ló Ya Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?

Ìṣẹ́gun, 10 Okúdu 2025

Ojúde Ọba ti kọjá, ìyókù ẹran Iléyá ti wọnú ìkòkò, wàhálà sì ti wọlé. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dé láàárọ̀ tòun ti téépù. Wọn ò tíì kí wa tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ojú omi wa.

"Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà á jókòó síbí pẹ̀sẹ̀," ni wọ́n wí, "á kọjú sí títì."

Ọkọ̀ yìí ti wà lórí igi nínú àgbàlá wa kí wọ́n tó bí Bàbá gan-an. Adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Omi tó lè gbé e, ó di ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bàbá ní ìpàdé ẹbí á jókòó lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ìdí gidi kan tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ dúró, alayùn ẹlẹ́rọ á dé ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, á rẹ́ ẹ sí pákó.

Ìyá Àgbà kàn na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ọkọ̀ bí ẹni ń yẹ ọmọ wò bóyá ara ẹ̀ gbóná. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ láràárọ̀ ló ń rìn dé ìdí ọkọ̀ níbi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí, á ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú ojúmọ́ o." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń sọ "ẹ" fún igi. Tí wọ́n bá rẹ́ ọkọ̀ yìí, mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ò ní yè di àárọ̀ kejì láti kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Bàbá lọ tán mo ti ikùn síwájú, mo ní "Ṣọ́ọ̀bù mẹ́-fà!", títí kan ikọ́ tó máa ń há wọn lọ́fun. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá fi etí aṣọ nù ún.

"Rodiat, ọkọ mi, sín alààyè jẹ bó o ṣe fẹ́. Má sín òkú jẹ."

Mo ní kí ni òkú lè fi mí ṣe.

"Á gba ohùn ẹ̀ padà."

Ẹtì, 13 Okúdu

Madam Helen, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ní yunifásítì Ìjagun, tún wá ya fọ́tò ọkọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni ẹbí lè kà sí ìdí gidi.

Wọ́n jókòó lórí òkúta. Wọ́n ní ilé ìkanọkọ̀ Bọ́dúnrìn ti kan ọkọ̀ ìgbòkun létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, pé àwọn òyìnbó àti olówó Èkó ń fi í sáré ìje. Gbogbo ẹ̀ ti jẹrà tán. Tiwa nìkan ló kù. Tí ìjọba bá kà á mọ́ ohun àjogúnbá, kò sẹ́ni tó lè gbé ayùn sún mọ́ ọn.

"Àmọ́ wọ́n á bèèrè ẹni tó yà á," Madam ní. "Frederick Bọ́dúnrìn, bàbá àgbà yín, ló kàn án. Ìyẹn dájú. Ẹni tó ya àwòrán kí wọ́n tó gé igi ńkọ́? Orúkọ kan ṣoṣo tí mo rí ni Walter."

"Walter wo, mà?"

"Òyìnbó kan. Tó bá jẹ́ òun, wọ́n á ní iṣẹ́ òyìnbó ni, kí wọn lọ tọ́jú ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Òyìnbó wo ló máa ya ọkọ̀ tí á kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí ìdí ẹ̀?"

"Orúkọ ọkọ̀ nìyẹn, Rodiat. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ lè sọ ọ́ ní ohun tó wù ú. Orúkọ ẹni tó yà á ni mo ń wá."

Mo ní èmi á wá a rí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ ìdí tí mo fi kúrò nílé ìwé. (Mo fi ohùn ọ̀gá àgbà kéde ọlidé nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo ilé ìwé lọ sílé. Gbogbo wọn padà lọ́jọ́ kejì, àfi èmi.)

Àbámẹ́ta, 14 Okúdu

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ̀ ń dún ní gbogbo oríkèé bí arúgbó tó fẹ́ dìde.

Ọjọ́bọ̀, 19 Okúdu

Mo lọ sí Ayépé. Ọlọ́kadà ní epo ti wọ́n, mo ní kó jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ rédíò fún un lọ́nà, ó sì dín owó kù.

Bàbá Àṣírù nìkan ló kù nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà mi. Etí wọn kan ò gbọ́ràn mọ́. Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ ìkókoré, wọ́n sì rò pé mo wá bèèrè ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin.

"Kò tíì ríṣẹ́ o!" wọ́n ní.

"Ẹ̀yin ni mo wá bá, Bàbá. Ọmọ-ọmọ Ìyá Sàdíátù, ìyàwó ọ̀gá yín, ni mí, nílé ọlọ́kọ̀."

"Ọlọ́kọ̀ wo? Èyí tí kò fẹsẹ̀ kan omi rí?"

Mo dárúkọ Walter. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìkókoré fi fẹ́ gba ọ̀nà imú jáde. "Wọ́tà! Wọ́tà mọ ọkọ̀ gùn. Tó bá di ká ya ọkọ̀, kò lè ya àgò adìẹ. Wọ́tà ra ọkọ̀ lọ́wọ́ wa ni. Ọ̀gá Àgbà, bàbá àgbà ẹ, ló ń kàn án. Ọ̀gá Kékeré, àbúrò wọn, ló ń yà á. Á dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, á fi ẹfun fa ìlà, ìlà yẹn á máa yọ́ lọ bí ejò. Àwa á gbé pákó lé e."

Mo ní, "Kí lorúkọ wọn, Bàbá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ṣọ lójú ọjà.

"Orúkọ? Ọmọ iṣẹ́ ni mí! Ìwọ, ṣé o ń pe ọ̀gá ẹ lórúkọ?"

"N ò níṣẹ́, sà."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ibẹ̀, Ọ̀gá Kékeré lonílé lálejò ń pè é. Wọ́n kàn mọ̀ pé omi gbé e. Òun nìkan gbé ọkọ̀ kan jáde lọ́sàn-án, ìjì dé. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ padà wá sétí omi, ìgbòkun ẹ̀ ta, kò sẹ́ni nínú ẹ̀. Wọn ò rí òkú ẹ̀ dòní.

Mo ní báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn, wọ́n rántí. Kó tó la ẹnu, á fi ìka kan igi tó bá wà nítòsí lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, á wá já wálẹ̀ níparí bí òkúta tí wọ́n jù sínú kànga. Mo gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n ní ó ga jù. Mo tún un ṣe. Wọ́n ní kí n má yára. Ìgbà kẹta, mo kan bẹ́ǹṣì, kó, kó, mo ní, "Àṣírù, gbé pákó yẹn wá."

Bàbá Àṣírù dìde. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ méjì kí wọ́n tó rántí. Wọ́n dúró sójú kan, wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀.

"Máa lọ sílé," wọ́n ní. Wọn ò wojú mi.

Ẹtì, 20 Okúdu

Mo bi Ìyá Àgbà. Àbúrò ọkọ ẹ̀, kí lorúkọ ẹ̀, ẹyọ kan péré.

"Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ."

"Ó ti kú, Ìyá."

"Nígbà tí wọ́n wà láàyè n ò pè wọ́n. Ṣé nígbà tí wọn ò lè bá mi wí mọ́ ni n óò wá máa pè wọ́n?"

Mo fi fóònù pe Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀ ọ́n, wọn ò tíì bí àwọn, pé bàbá àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n bọ̀wọ̀ fún un, ìdí tí orúkọ ẹ̀ fi sọnù nìyẹn. Walter tí wọn ò bọ̀wọ̀ fún, orúkọ tiẹ̀ wà nínú ìwé.

Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Mo dán ohùn náà wò lára Mùhámmẹ́d oníbúrẹ́dì. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbé búrẹ́dì wá fún òkú." Ó sá, ó fi búrẹ́dì méjì sílẹ̀. Búrẹ́dì náà dùn.

Ohun tí kò dùn nìyí. Nírọ̀lẹ́ mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbo. Mo ní "ẹ ṣé o," ohùn yẹn ló jáde. Mi ò pè é. Alágbo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀. Ìka mi sì wà lára tábìlì ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Mo ti ṣe é.

Kí Màgàríbì tó tó, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń fi búùtà ṣe àlùwàlá. Mo ti wà nínú ọkọ̀. Mo rò ó pé tí Ọ̀gá Kékeré fúnra ẹ̀ bá bèèrè orúkọ ara ẹ̀, Ìyá ò ní lè sọ pé rárá.

Kó, kó.

"Sàdíátù! Kí lorúkọ mi?"

Búùtà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré pé tó o bá gbọ́ ohùn tí o ò rí ẹni tó ni ín, má dáhùn, torí ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti bá a lọ. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Ó dojú kọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wá yíjú, ó wọlé, kò kírun.

Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn adìẹ fi wọlé wá bá mi.

Ẹtì, 4 Agẹmọ

Ibà. Kò jẹun. Nọ́ọ̀sì àdúgbò fún un lóògùn, ó ní ara àgbà ni. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àìkú, 6 Agẹmọ

Ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ń fi aṣọ tútù nù ún níwájú orí, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ má bínú. Àwa kọ́ la pè yín. Ọmọdé ni."

Mo ti gbọ́ "ẹ kú ojúmọ́" yẹn láti kékeré, mo ti fi rẹ́rìn-ín. Lónìí mo gbé aṣọ tútù dání, omi ń kán sórí ẹní, mo sì ń rò ó. Ìyá Àgbà ń sọ "o" fún ewúrẹ́. Ó ń sọ "o" fún tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ kọ́ ló ń sọ "ẹ" fún.

Kì í ṣe orúkọ ọkọ̀!

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Ibà ti rọlẹ̀. Mo fún un ní ògì, mo ní, "Ìyá, ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Ó mu ògì tán kó tó dáhùn.

"Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé yìí, mo fún gbogbo ọmọ ilé lórúkọ, bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe. Èyí Ẹyínfúnjowó, èyí Àkànní-ọjà. Àbúrò ọkọ mi rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, tí wọ́n bá ń bọ̀ nínú ọ̀nà wọ́n á dà bí òpó ọkọ̀. Mo sọ wọ́n ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí omi gbé e, bàbá àgbà mi kó gbogbo irinṣẹ́ kúrò létí ọ̀sà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ gidi mọ́, pé bí wọ́n bá pè é, omi ló máa dáhùn. Ó kan ọkọ̀ kan sí i, èyí tí àbúrò ẹ̀ yà kẹ́yìn. Inú àgbàlá níhìn-ín ló ti kàn án, kí omi má baà rí i. Nígbà tó parí, ó fẹ́ kọ orúkọ àbúrò ẹ̀ sí i, kò lè kọ ọ́. Ó wá bi ìyàwó ẹ̀ pé, "Kí lo máa ń pè é?"

"Ìyá, ẹ sọ orúkọ gidi fún mi. Alayùn ń bọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀." Omijé ń dà lójú ẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́? Ẹnu mi ò gbà á. Lọ bá Rose ní Ìmùṣin. Ọmọ ilé yìí lòun. Ọmọ ilé lè pe ọmọ ilé."

Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, nínú yàrá Ìyá Rose. Láti àná ni mo ti wà níbí. Òrìṣà Agẹmọ ń kọjá lóde, obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú. Wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n fi àga tì í, wọ́n sì jókòó sórí àga ọ̀hún kí n má baà yọ́ jáde.

"Mo gbọ́ irú ẹni tó o jẹ́," wọ́n ní.

Orúkọ? Ìyá Rose ronú, wọ́n ronú, wọ́n fi ọwọ́ lu itan. "Bọ̀ọ̀dá Kékeré là ń pè wọ́n. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ta ló máa jẹ́ kí ọmọdé pe àgbà lórúkọ?"

Mo sunkún, mi ò purọ́. Láti lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tàbí kí n lè pa ara mi lẹ́rìn-ín, mo ní kí n ṣe ohùn náà fún wọn. Mo kan ògiri. Mo la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti lọ.

Àìkú, 13 Agẹmọ

Mo délé lọ́wọ́ òfo. Ìyá Àgbà jókòó síta, ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò sójú, ó ń jẹ iṣu. Ó di ọwọ́ mi mú.

"O ṣeun, ọkọ mi."

Mo rò pé ìrìn tí mo rìn ló ń dúpẹ́ ẹ̀. Mo sọ fún un pé Ìyá Rose ò mọ orúkọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu iṣu.

Ọjọ́bọ̀, 24 Agẹmọ

Alayùn wá wo iṣẹ́. Ó fi èékánná kan ara ọkọ̀, ó ní ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ gidi, ó ṣe é láàánú. Ó máa gé e ṣáá.

Madam Helen fi fóònù sọ pé àwọn á wá sípàdé, àmọ́ "Ọ̀gá Kékeré" àti "Bọ̀ọ̀dá Kékeré" kì í ṣe ohun tí àwọn lè fi síwájú ìjọba. Walter ṣì ni.

Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Wọ́n jókòó sábẹ́ ọkọ̀ nítorí òjò. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n hú ikọ́, ẹbí mi orí. Madam sọ tiwọn, wọ́n dé orí orúkọ, wọ́n ní Walter nìkan ni àwọn rí.

"Ẹ ò rí i," Bàbá ní. "Òyìnbó ló yà á. Igi òyìnbó la fi ń dí ilẹ̀."

Ìyá Àgbà dìde. Mo fẹ́ dì í mú, ó gbọn ọwọ́ mi nù. Kò kọjú sí ẹbí o, ìdí ọkọ̀ ló kọjú sí. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú eékún tí kò lè kírun lórí ìdúró mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Aaron. Aaron Ayọ̀tọ̀míwá Bọ́dúnrìn. Àwọn ló yà á. Gbogbo èyí tí wọ́n kàn nílé yìí, àwọn ló yà á."

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ yọ fìlà, mi ò rí wọn kí wọ́n yọ ọ́ rí.

"Màámi," wọ́n ní, "ẹ pe orúkọ."

"Mo gba àyè kí n tó pè é."

"Lọ́wọ́ ta?"

Ìyá Àgbà yí ojú tí kò ríran sí ibi tí mo dúró sí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí àwa méjèèjì ṣe máa ń ṣe tí mo bá dẹ́rù ba ẹnì kan.

Madam Helen ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní tí orúkọ bá ti wà, ibi tí àwọn máa wá a sí pọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbé fóònù, wọ́n sọ fún alayùn pé kó má wá. Wọ́n wá wọn ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù méjì.

Ajé, 28 Agẹmọ

Alayùn ò wá. Ìyá Àgbà kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ojúmọ́. Mo jókòó tì í, mo ní kó dárí jì mí, pé èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí.

"Ta ni ò mọ̀?" ló wí. "Àkọ́kọ́ yẹn ò dáa rárá. Sàdíátù lo pè mí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò pè mí lórúkọ rí, bí mi ò ṣe pe àwọn. Inú tó bí mi sí ọ ló di ibà."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Èkejì yẹn lo ṣe dáadáa."

Mo ní èkejì wo.

"Àárọ̀ ọjọ́ Agẹmọ ńkọ́? Kó, kó. 'Ìyàwó wa.' Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí gẹ́lẹ́, mi ò mọ ẹni tó sọ fún ọ. Mo ní o ti yọ́ padà láti Ìmùṣin wá tọrọ àforíjì lọ́nà tìẹ. Mo dá ọ lóhùn. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kí n pè yín? O ní, 'Pè mí, ìyàwó, ó ti pẹ́.'" Ó gbá mi létí fẹ́rẹ́, bí eré. "O tiẹ̀ da omi sára kó lè jọ. Mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó tutù, ó ń rùn bí ọ̀sà. Òjò ò sì rọ̀."

Ìyá Rose ló jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà. Mi ò jáde nínú yàrá wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò sọ fún un. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá."

Nígbà tó wọlé lọ sùn lọ́sàn-án, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi gbọ́ pé ó ń mí. Mo wá gun inú ọkọ̀. Mo fi ìka kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, mo pe orúkọ ara mi. Ohùn tèmi nìkan ló jáde. Mi ò dáhùn.